Fíìmù Wà, Ẹni Inú Rẹ̀ Di Àwátì: Palaver (1926) àti Ìtàn Sinimá Aláìfọhùn

Ìfáàrà

Kí ohùn tó wọ inú sinimá, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ènìyàn fi ń wo àwòrán tó ń rìn, tó ń sunkún, tó ń jà, tó sì ń kọnu ìfẹ́ síra wọn, láìgbọ́ ohùn kankan láti ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kíkọ ló máa ń jáde láàrin àwòrán kan àti èkejì láti sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn ń wí. Ẹni tí kò bá mọ̀wé á máa bi ẹni tó jókòó tì í léèrè. Irú fíìmù yìí ni a pè ní sinimá aláìfọhùn nínú àpilẹ̀kọ yìí. Òun náà ló kọ́kọ́ dé Èkó, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1903, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Balboa láti ìlú Barcelona fi àwòrán han àwọn òǹwòran ní gbọ̀ngàn Glover Memorial Hall.

Púpọ̀ nínú sinimá wọ̀nyí ti di àwátì. Ní ọdún 2013, Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí tí David Pierce ṣe jáde. Fíìmù gígùn 10,919 ni ìwádìí náà kà pé wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàrin ọdún 1912 sí 1929. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 14 péré ló ṣẹ́kù bí wọ́n ṣe gbé e jáde ní àkọ́kọ́. Nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti sọnù pátápátá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí owó àti ilé ìkóhun-pamọ́-sí wà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa lè fojú inú wo bí yóò ṣe rí ní ilẹ̀ ibòmíràn.

Fíìmù ìfẹ́ méjì ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Èkíní ni The Homesteader (1919), iṣẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, tí kò sí níbì kankan mọ́ láyé. Èkejì ni Palaver (1926), tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ṣe lórí ilẹ̀ wa níbí, ní agbègbè Jos. Òun wà nípamọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di òní olónìí. Èrò tiwa ni pé èyí tó sọnù nínú àwọn méjèèjì kò sọnù tó èyí tó wà. Ó lè kọ́kọ́ dún bí àdììtú. Ẹ jẹ́ kí a tú u wò.

Bí fíìmù ṣe ń sọnù

Ohun tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù láyé ọjọ́ un ni nitrate, ìbátan ẹ̀tù ìbọn sì ni. Bí iná bá mú un, omi kò rí i pa, nítorí láti inú ara rẹ̀ ló ti ń rí atẹ́gùn tí iná ń jẹ. Bí iná kò bá mú un, ó lè jẹrà fúnra rẹ̀ nínú páànù tí wọ́n ká a sí: á kọ́kọ́ máa lẹ̀ mọ́ra, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ a di ìyẹ̀fun. Ní oṣù keje ọdún 1937, iná jó ibi tí ilé-iṣẹ́ Fox ń kó fíìmù sí ní Little Ferry, ìpínlẹ̀ New Jersey, èyí tó pọ̀ jù nínú sinimá aláìfọhùn ilé-iṣẹ́ náà sì bá a lọ.

Ṣùgbọ́n iná kọ́ ló jẹ̀bi gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ni fíìmù fúnra wọn ló da ọ̀pọ̀ nù. Fàdákà wà lára fíìmù, ó ṣeé yọ tà. Àyè ìkẹ́rùsí ń náni lówó. Nígbà tí ohùn sì ti dé, ta ló tún fẹ́ sanwó wo odi? Ojú ọjà tó tú ni wọ́n fi wò ó.

The Homesteader: fíìmù tó sọnù tí a mọ̀ bí ẹni mowó

Oscar Micheaux ló ṣe The Homesteader. Ìpínlẹ̀ Illinois ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1884. Ó ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, lẹ́yìn náà ó lọ gba ilẹ̀ oko ní South Dakota, níbi tí aláwọ̀ dúdú ti ṣọ̀wọ́n bí ojú. Nígbà tí oko kò gbè é mọ́, ó sọ ìrírí rẹ̀ di ìwé ìtàn, ó sì ń gbé ìwé náà tà láti ojúlé dé ojúlé. Ní ọdún 1917 ló tẹ The Homesteader jáde. Ilé-iṣẹ́ Lincoln, tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀, fẹ́ sọ ìwé náà di fíìmù. Micheaux ní òun gbà, bí òun bá máa jẹ́ olùdarí rẹ̀. Wọn kò gbà fún un. Ló bá dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n, àwọn àgbẹ̀ òyìnbó tí wọ́n jọ jẹ́ aládùúgbò nínú wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1919, wọ́n fi fíìmù náà hàn ní Chicago. Òun ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí aláwọ̀ dúdú darí ní Amẹ́ríkà.

Àhunpọ̀ ìtàn rẹ̀ kò ṣòro. Jean Baptiste, àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ní agbègbè rẹ̀, ní ìfẹ́ sí Agnes, ọmọbìnrin tí gbogbo ènìyàn gbà pé òyìnbó ni. Nítorí ìran rẹ̀ àti ohun tí ayé máa wí, ó pa ìfẹ́ náà mọ́ra, ó lọ fẹ́ Orlean, ọmọ oníwàásù aláwọ̀ dúdú kan ní Chicago. Bàbá ìyàwó kò jẹ́ kí ilé náà tòrò. Ìgbéyàwó tú ká, ó sì parí sí ikú. Nígbà tí Jean padà sóko rẹ̀ ló tó hàn sí wọn pé ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú wà lára Agnes, tí kò sí ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ mọ́. Charles Lucas ló ṣe Jean Baptiste, Evelyn Preer ṣe Orlean, Iris Hall sì ṣe Agnes.

Ẹ wò ó pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìtàn fíìmù tí kò sí ẹni alààyè kan tó lè wò ó. Báwo la ṣe mọ gbogbo èyí? Ìwé ìtàn tí Micheaux kọ wà nílẹ̀. Ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú, Chicago Defender nínú wọn, gbé ìpolówó àti ọ̀rọ̀ nípa fíìmù náà. Orúkọ àwọn òṣèré wà nínú ìwé. Ti Evelyn Preer tilẹ̀ ju orúkọ lọ: a mọ eré mìíràn tó ṣe lẹ́yìn èyí, a sì mọ̀ pé ọdún 1932 ló kú. Àwọn tó ni ìtàn náà ló kọ ọ́, àwọn náà ló ṣe é, àwọn náà ló wò ó, àwọn náà ló sì ròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ara wọn.

Mímọ̀ yìí wúlò ju bí a ti rò lọ. Fíìmù mìíràn tí Micheaux ṣe ní ọdún 1920, Within Our Gates, ni wọ́n kà mọ́ àwọn tó sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n wá rí ẹ̀dà rẹ̀ kan ní ilẹ̀ Spain, tí wọ́n ti fún ní orúkọ mìíràn, La Negra, tí wọ́n sì ti yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí èdè Spain. Àwọn onímọ̀ dá a mọ̀ nítorí pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá. Library of Congress tún un ṣe ní ọdún 1993. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kíkọ inú rẹ̀ ni wọ́n ní láti tú padà láti èdè Spain sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó sọnù tí a mọ orúkọ rẹ̀, akéde lè máa ké e kiri ìlú títí yóò fi jẹ́.

Palaver: fíìmù tó wà

Ní ọdún 1926 ni ilé-iṣẹ́ British Instructional Films, tí Bruce Woolfe dá sílẹ̀ ní ọdún 1919, gbé Palaver jáde. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ ilé-iṣẹ́ yìí mọ́ ni títún ogun àgbáyé kìíní ṣe lójú sinimá. Geoffrey Barkas ni olùdarí. Òun náà ti jagun ní Gallipoli àti Somme. Ní ogun àgbáyé kejì, Barkas yìí kan náà ló wà nídìí ẹ̀tàn tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì fi dọ́gbọ́n bo ohun ìjà wọn mọ́lẹ̀ ní aṣálẹ̀ Íjíbítì kí wọ́n tó ja ìjà El Alamein ní 1942. Ẹni tó mọ bí a ti í tan ojú jẹ ni.

Àlàyé tí wọ́n fi kún orúkọ fíìmù náà ni pé ìtàn ìfẹ́ ti Àríwá Nàìjíríà ni. Captain Peter Allison, tí Haddon Mason ṣe, jẹ́ ajẹ́lẹ̀, ẹni tí àwọn bàbá wa ń pè ní Dí-Ò. Mark Fernandez, tí Reginald Fox ṣe, jẹ́ awakùsà tánganran tí ìwà rẹ̀ kò tọ́. Jean Stuart, tí Hilda Cowley ṣe, jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin méjèèjì ń du nọ́ọ̀sì yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́, Fernandez sì ru ọba kan sókè sí ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ obìnrin kan di ogun. Ẹ má jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí bí ó ṣe parí: nínú fíìmù tí ìjọba amúnisìn lè fọwọ́ sí, ajẹ́lẹ̀ kì í pòfo.

Ohun méjì ló yẹ kí òǹkàwé fojú sí. Àwọn mẹ́ta tí ìfẹ́ inú ìtàn ìfẹ́ ti Àríwá Nàìjíríà kàn, òyìnbó ni gbogbo wọn. Ìfẹ́ jẹ́ tàlejò, ogun jẹ́ ti onílé. Èkejì ni orúkọ ẹni ibi inú ìtàn. Fernandez kì í ṣe orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó hun ìtàn náà fẹ́ kí òǹwòran London rí òyìnbó burúkú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó jẹ́ ọmọ ilé. Àkọlé fíìmù náà tilẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ìran tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wá: palavra ni àwọn Potogí ń pe ọ̀rọ̀. Àwọn oníṣòwò wọn ló gbé e dé etíkun wa, ó sì di ohun tí ará Port Harcourt ń sọ lẹ́nu lójoojúmọ́ nínú Píjìnnì, tó fi ń pe ìjà, ẹjọ́ àti wàhálà. Sinimá tí kò fọhùn ni wọ́n sọ ní Ọ̀rọ̀.

Òṣèré òyìnbó pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kún inú fíìmù náà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Plateau. Àkọsílẹ̀ pè wọ́n ní Sura àti Angas. Sura yẹn, orúkọ tí àwọn ará ìta fún wọn ni; Mwaghavul ni wọ́n ń pe ara wọn, agbègbè Mangu sì ni ilé wọn. Angas náà, Ngas ni wọ́n ń jẹ́, ní ìhà Pankshin. Èdè méjèèjì bá Hausa tan. Ìdí tí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn sinimá Nàìjíríà fi ń dárúkọ Palaver ni pé ó wà lára fíìmù gígùn tó kọ́kọ́ fún ọmọ Nàìjíríà ní ipa tó jọjú láti kó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti máa ń tán.

Tánganran, ojú irin àti èbúté

A kò ṣèèṣì mú Palaver wá sí àpérò tó wáyé ní Port Harcourt. Tánganran tí Fernandez ń wà nínú ìtàn jẹ́ òwò gidi. Àwọn ará àríwá ti ń yọ́ tánganran kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì gba ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ilẹ̀ oko àwọn Bẹ̀róòmù di kòtò, àwọn kòtò náà sì di adágún omi tí ẹni tó bá gba Jos kọjá ṣì ń rí lónìí. Ìṣòro tó wà ni bí ẹrù ṣe máa dé etíkun. Ojú irin tóóró kan ti so Zaria pọ̀ mọ́ Bukuru láti ọdún 1914, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ lọ sí Èkó jìn.

Port Harcourt ló yanjú rẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Ikwerre ti Diobu ni wọ́n kọ́ èbúté náà lé, Lugard sì fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ amúnisìn ní London, sọ ọ́ ní ọdún 1913. Èédú Enugu ni wọ́n kọ́kọ́ torí rẹ̀ la ojú irin. Ó dé Enugu ní ọdún 1916. Wọ́n ń fà á lọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé Jos ní ọdún 1927, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Palaver jáde. Láti ìgbà náà ni tánganran Plateau ti ń sọ̀kalẹ̀ wá sí etí omi yìí, tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Fíìmù náà bá ẹrù yẹn dọ́gba ní ọ̀nà kan. Ohun tí wọ́n wà nínú ilẹ̀ Plateau lọ sókè òkun. Àwòrán tí wọ́n yà lára àwọn ènìyàn Plateau náà lọ sókè òkun. Òkúta tó lọ kò lórúkọ, kò sì bèèrè pé kí wọ́n mọ òun. Ènìyàn ńkọ́? Ní ti ìlú, ó ṣe díẹ̀ fún wa: Harcourt ni èbúté ń jẹ́, ṣùgbọ́n Diobu kò parẹ́, àdúgbò tí ọlọ́kọ̀ ń pè lójú títì ni.

Dawiya àti Yiberr

Nínú gbogbo ọmọ ilẹ̀ Plateau tó ṣeré nínú Palaver, orúkọ ẹni méjì ni àkọsílẹ̀ àwọn òṣèré mú wá sétí wa. Dawiya ló ṣe ọba, orúkọ ọba náà sì ni Dawiya. Yiberr ló ṣe Yilkuba, tí wọ́n pè ní oníṣègùn àjẹ́, orúkọ tí òyìnbó ìgbà náà máa ń fi ń pe gbogbo ẹni tó bá mọ ewé tàbí tó ń bọ òrìṣà. Ó tán.

Ẹ fi wé Evelyn Preer. Obìnrin yẹn ṣeré nínú fíìmù tó sọnù, ó sì ní ọdún ìbí, ìlú, ìgbéyàwó, iṣẹ́ àti ọjọ́ ikú. Dawiya ṣeré nínú fíìmù tó wà nípamọ́ ní British Film Institute, wọ́n ń tọ́jú àwòrán ojú rẹ̀ nínú yàrá tútù kó má baà jẹrà, ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo ló ní, kò ní bàbá, kò ní ìlú, kò ní ìdílé. Orúkọ náà pàápàá, bí etí òyìnbó ṣe gbọ́ ọ ni ọwọ́ òyìnbó ṣe kọ ọ́. Àwa tí èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí orúkọ Yorùbá bí wọ́n bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i; èdè olóhùn ni Mwaghavul àti Ngas náà.

Àwa Yorùbá gbà pé orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Orúkọ ni a fi ń fa oríkì yọ, oríkì ni a fi ń mọ orírun. Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, a kò rí ohun fà á wálé. Àwọn yòókù nínú fíìmù náà, àwọn tó gbé ọ̀kọ̀, tó lu ìlù, tó sáré níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán, èrò ni wọ́n pè wọ́n, èrò ni wọ́n sì jẹ́ di òní. Ojú wọn wà. Ọmọ wọn lè kọjá níwájú àwòrán náà kó má mọ̀ pé bàbá òun ni.

Ohun tí a ń pè ní sísọnù nìyí. Àwọn onímọ̀ ìkóhun-pamọ́ máa ń kà á sí ọ̀ràn páànù àti nitrate: ṣé ẹ̀dà wà tàbí kò sí? Ìbéèrè gidi ni, a kò sì kó o dànù. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró síbẹ̀, a ó kọ Palaver sí ìlà àwọn fíìmù tó yè, a ó sì fi ọwọ́ nu ẹnu.

Tilé wa ńkọ́?

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló yẹ kí a nàka sí. Ní ọdún 1926 yẹn kan náà, ọmọ Èkó kan, Orlando Martins, tí wọ́n bí ní ọdún 1899, wà lára àwọn òṣèré fíìmù aláìfọhùn Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ If Youth But Knew. Ó ṣe Sanders of the River pẹ̀lú Paul Robeson ní 1935, ó ṣe The Hasty Heart ní 1949, ó padà sí Èkó, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọdún 1985. Orúkọ rẹ̀ kò sọnù nítorí pé ó wà níbi tí wọ́n ti ń kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì pẹ́ láyé tó láti sọ ìtàn ara rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá àti ti eré orí ìtàgé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ajani Ogun, tí Ọlá Balógun darí ní ọdún 1976, tí Adé Love sì jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀, ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ìdúnàádúrà ìfẹ́ wà nínú ìtàn náà pẹ̀lú. A ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ rẹ̀ fún ìdánwò. Mélòó nínú àwa tó ń kọ́ wọn ló ní ẹ̀dà tó dára láti fi hàn wọ́n? Fíìmù Ògúndé mẹ́rin, Aiyé, Jáiyésinmi, Àrópin N'Tènìyàn àti Àyànmọ́, bákan náà. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù nígbà náà, nítorí náà òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ìpilẹ̀ fíìmù Nàìjíríà wà sí.

Shehu Umar fi hàn pé ohun tó di àwátì lè jẹ́ ohun tí a jókòó lé. Adamu Halilu ló darí rẹ̀ ní èdè Hausa ní 1976, láti inú ìwé ìtàn tí Abubakar Tafawa Balewa kọ. Ní ọdún 2015, Didi Cheeka rí àwọn páànù fíìmù nínú ilé ìjọba kan tí wọ́n ti pa tì ní Ìkòyí, Èkó. Shehu Umar wà lára wọn. Ilé-iṣẹ́ Arsenal ní Berlin bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2018. Ó wà ní Ìkòyí ní gbogbo ìgbà tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó ti sọnù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yà wá lẹ́nu nígbà tí a ń to àwọn ìtàn yìí pọ̀. Ibi tí olú ilé-iṣẹ́ Nigerian Film Corporation wà, tí ibi ìkófíìmù-pamọ́ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà, ni Jos. Láti ibẹ̀ dé Mangu tàbí Pankshin, ìrìn àjò ọjọ́ kan ní àlọ àti àbọ̀ ni. Àwọn tó ń tọ́jú fíìmù Nàìjíríà àti àwọn ọmọ-ọmọ ẹni tó ṣeré nínú Palaver ń ra iṣu lọ́jà kan náà.

Ohun tó kù láti ṣe

Ìmọ̀ràn tiwa kò nílò owó ńlá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì lè kọ̀wé sí British Film Institute láti bèèrè fún ẹ̀dà Palaver tí a lè fi kọ́ni. Bí ó bá dé, kí wọ́n má ṣe fi hàn ní gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì lásán kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Kí wọ́n gbé e lọ sí Mangu àti Pankshin, kí wọ́n pe àwọn àgbà, kí wọ́n sì máa dá àwòrán dúró níbi tí ojú ènìyàn bá ti hàn dáadáa. Ẹni tó gbọ́ Mwaghavul tàbí Ngas lè rí ohun tí ògbógi London kò lè rí: ilà ojú, irun dídì, irú ìlù, bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀kọ̀ dání, bóyá ohun tí ẹnu tí kò fọhùn yẹn ń wí pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ NCE tó jẹ́ ọmọ agbègbè náà ló yẹ kó máa béèrè, ní èdè abínibí, kó sì máa gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin tó: Ta nìyí? Ọmọ ta ni? Ìlú wo ló ti wá? Báwo ni a ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an?

Àwa tó ń kọ́ Yorùbá ní iṣẹ́ tiwa nílé. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó ní ènìyàn tó ń gbé àpótí, tó ń to iná, tó ń lu ìlù, tó ń ṣe ìyàwó kejì àti ọlọ́pàá kẹta nínú fíìmù, tí orúkọ wọn kò hàn níbi kankan. Àwọn kan nínú wọn ṣì wà láàyè ní Òṣogbo, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta. Dípò kí a tún gba àròkọ ogún lórí ìwà ọmọlúwàbí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, a lè ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ bá òṣèré àgbà kan, kó wo fíìmù kan pẹ̀lú rẹ̀, kó sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá rántí sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn.

Ọdún 2026 ni Palaver pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá sáré kọjá níwájú ẹ̀rọ Barkas, bí ó bá bímọ láàrin ogún ọdún sí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ rẹ̀ á wà láàrin ọgọ́ta sí ọgọ́rin ọdún báyìí. Àwọn ni wọ́n lè wo ojú kan nínú àwòrán kí wọ́n sọ pé, bàbá wa nìyí. A ní láti tètè dé ọ̀dọ̀ wọn.